Ibùdó dátà ní Lekki àti Ajah

Ibùdó dátà ní Lekki àti Ajah ni àwọn ilé tí a kọ́ fún kọ̀ǹpútà olùpèsè, ìyẹn sáfà, ní ẹkùn Lekki ní Ìpínlẹ̀ Èkó, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn báńkì, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti oníṣòwò ń gbé ẹ̀rọ tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn sí, tí ó sì ń dá oníbàárà lóhùn nígbàkigbà tí wọ́n bá fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà béèrè nǹkan. Iṣẹ́ tí odindi ilé ń ṣe lónìí ni kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo tí a mọ̀ sí mainframe ń ṣe ní àtijọ́: kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lo ẹ̀rọ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀rọ náà má sì dúró. Ohun mẹ́rin ni ó ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà yóò dúró tàbí kò ní dúró. Àwọn ni ìgbékalẹ̀ ẹ̀rọ, ètò ìṣiṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú iye ọdún tí olùṣe rẹ̀ yóò fi tì í lẹ́yìn, iná mànàmáná, àti okùn abẹ́ òkun tí ó so ó mọ́ àgbáyé.

Ibi tí wọ́n wà

Ẹkùn Lekki jẹ́ ilẹ̀ gígùn tóóró tí ó wà láàárín Ọ̀sà Èkó ní àríwá àti Òkun Atlantic ní gúúsù. Apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ súnmọ́ Victoria Island àti Ìkòyí. Ọ̀nà tí ó lọ láti Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ni ó là á já, ó sì gba Ajah, ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, kọjá lọ sí Ìbẹ̀jú-Lekki.

Ohun méjì ni ó mú kí ẹkùn yìí dára fún ibùdó dátà. Èkíní ni pé etíkun rẹ̀ wà lára ibi tí okùn abẹ́ òkun ti ń gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀nà kò jìn láàárín okùn náà àti sáfà. Èkejì ni pé Victoria Island àti Ìkòyí, níbi tí olú-iléeṣẹ́ ọ̀pọ̀ báńkì wà, kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga, iyanrìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àgbàrá òjò a sì máa dúró sí àwọn òpópónà rẹ̀ ní àsìkò òjò. Atẹ́gùn òkun tí ó kún fún iyọ̀ pẹ̀lú a máa jẹ irin. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé fún sáfà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga ju ibi tí omi lè dé, kí ó sì sé atẹ́gùn ìta mọ́ ara ẹ̀rọ.

Ìtàn

Kọ̀ǹpútà ńlá àkọ́kọ́

Àwọn tí ó kọ ìtàn kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà sábà máa ń fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ìgbà ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963, nígbà tí a nílò ẹ̀rọ láti to èsì ìkànìyàn. Ní àwọn ọdún 1960 náà ni ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà dá ibùdó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà a máa gba odindi yàrá. Káàdì tí a dá ihò sí lára ni a fi ń fún un ní iṣẹ́, àwọn tí ó ni iṣẹ́ a sì máa dúró de èsì rẹ̀.

Okùn abẹ́ òkun

Kí okùn tó pọ̀, sátẹ́láìtì ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà gbẹ́kẹ̀ lé. Ó wọ́n, ó sì lọ́ra. Okùn SAT-3, tí ilé-iṣẹ́ NITEL jẹ́ alábàápín nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2002. Glo-1, tí ó jẹ́ ti Globacom, gúnlẹ̀ sí Alpha Beach ní Lekki ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009. Okùn MainOne, tí gígùn rẹ̀ tó 7,000 kìlómítà láti Portugal dé Accra àti Èkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010. Funke Opeke, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni ó dá ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín sílẹ̀. WACS tẹ̀lé e ní ọdún 2012. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni Equiano, okùn Google tí a fi orúkọ Olaudah Equiano pè, gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ WIOCC gẹ́gẹ́ bí alábàáṣe.

Ibùdó fún sáfà

Nígbà tí okùn ti dé, ó di dandan kí ilé wà tí yóò gba ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn. MainOne dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí a ń pè ní MDXi, ẹ̀ka yìí sì ṣí ibùdó dátà kan ní Lekki ní ọdún 2015. Ibùdó náà ní àyè fún ráàkì 600, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí a ń to sáfà sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni ilé-iṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò ra MainOne ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. Wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ilé-iṣẹ́ Open Access Data Centres, tí ó wà lábẹ́ WIOCC, ṣí ibùdó tirẹ̀ sí Lekki, ilé-iṣẹ́ Kasi Cloud sì bẹ̀rẹ̀ ilé ní Màyẹ̀gún ní Lekki ní ọdún 2022 kan náà.

Ìgbékalẹ̀ àwọn sáfà

Mainframe

Mainframe jẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá tí a ṣe fún iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ dúró tí kò sì gbọdọ̀ ṣìnà, bíi sísan owó láti àkáǹtì kan sí òmíràn. Ìran tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1964, nígbà tí IBM kéde System/360. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó bá ra kọ̀ǹpútà tuntun ní láti tún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kọ, nítorí pé èdè ẹ̀rọ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. System/360 yí èyí padà. Ẹ̀rọ kékeré àti ńlá inú ìdílé náà ń gbọ́ àṣẹ kan náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì pọ̀ sí i lè ra èyí tí ó tóbi jù láìtún ohun tí ó ti kọ kọ. Ìlànà àṣẹ yìí ni a ń pè ní ìgbékalẹ̀ kọ̀ǹpútà. A mú un gbòòrò sí i nínú System/370 ní ọdún 1970, ó sì di z/Architecture ní ọdún 2000, síbẹ̀ ètò tí a kọ fún System/360 ṣì lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ òde òní.

Ohun mẹ́ta ni ó ya mainframe sọ́tọ̀:

1. Ó ní próṣẹ́sọ̀ mìíràn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó dátà wọlé àti kíkó o jáde. Próṣẹ́sọ̀ àgbà, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà, kì í fi ìṣirò sílẹ̀ lọ máa dúró de dísìkì.

2. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ní àrọ́pò. Bí próṣẹ́sọ̀ kan bá bàjẹ́, èyí tí ó wà ní ìpamọ́ lè gba iṣẹ́ rẹ̀ láìpa ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ni a lè pààrọ̀ nígbà tí oníbàárà ṣì ń lò ó.

3. A lè pín in sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní ètò ìṣiṣẹ́ tirẹ̀, ohun tí ó bá sì ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀kan kò ní kan èkejì.

IBM z16, tí ó jáde ní ọdún 2022, lè ní core 200, ìyẹn ìpín próṣẹ́sọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá ìṣirò tirẹ̀ ṣe, pẹ̀lú mẹ́mórì tí ó tó terabyte 40. z17 tẹ̀lé e ní ọdún 2025.

Sáfà x86

Orí sáfà x86 ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ó wà ní ibùdó dátà òde òní ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ni, tí a ń tì bọ inú ráàkì bí ẹni ti àpótí bọ inú tábìlì. Intel àti AMD ni ó ń ṣe próṣẹ́sọ̀ rẹ̀. Orúkọ x86 wá láti ara próṣẹ́sọ̀ 8086 tí Intel ṣe ní ọdún 1978. Owó ẹyọ kan nínú wọn kò tó ti mainframe rárá, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó sì ń tà á.

Bí a bá mú un lẹ́yọ kan, sáfà x86 kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀ tó mainframe. Ọ̀nà tí a fi ń tún èyí ṣe ni kí a pọ̀ wọ́n. A ń kọ dátà kan náà sí orí sáfà méjì tàbí mẹ́ta, a sì ń pín oníbàárà láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá kú, èyí tí ó kù yóò gba ẹrù rẹ̀. Nípa báyìí, ìfaradà tí olùṣe mainframe fi sínú àpótí kan ni ibùdó dátà fi sínú odindi ilé. Ìnira rẹ̀ ni pé ẹni tí ó kọ ètò iṣẹ́ náà ni ó gbọ́dọ̀ rò ó ṣáájú pé sáfà lè kú. Bí kò bá rò ó, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò ní gbà á.

Virtual machine

Virtual machine jẹ́ kọ̀ǹpútà tí kò ní ara tirẹ̀. Sọ́fítíwìa ni ó dá a sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà gidi. Orí mainframe ni ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, IBM sì gbé e jáde fún ọjà gẹ́gẹ́ bíi VM/370 ní ọdún 1972. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ó dé orí x86 nípasẹ̀ VMware àti KVM, tí ó wọ inú Linux ní ọdún 2007.

Ó fara jọ ilé àwọn ayálégbé ní Èkó. Ilé kan ni, ṣùgbọ́n yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Onílé ni sọ́fítíwìa tí ń pín yàrá, tí ó sì ń rí i pé ayálégbé kan kò gba omi àti iná gbogbo. Ìlànà yìí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tí a ń pè ní cloud. Ẹni tí ó bá háyà sáfà lórí cloud sábà máa ń háyà yàrá kan nínú ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò. Nítorí pé virtual machine jẹ́ fáìlì, a lè gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ tí ó fẹ́ bàjẹ́ lọ sórí òmíràn. Ṣùgbọ́n bí onílé bá ṣubú, gbogbo ayálégbé rẹ̀ ni yóò bá a ṣubú, ìdí nìyí tí a kì í fi sáfà kan ṣoṣo ṣe onílé.

Ètò ìṣiṣẹ́ àti àtìlẹ́yìn rẹ̀

Ètò ìṣiṣẹ́ ni sọ́fítíwìa àkọ́kọ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń pín mẹ́mórì, próṣẹ́sọ̀ àti dísìkì fún àwọn ètò yòókù. Lórí mainframe IBM, z/OS ni ó gbajúmọ̀ jù. z/VM wà fún ìpín ẹ̀rọ sí ọ̀pọ̀, z/TPF sì wà fún iṣẹ́ tí ó yára gan-an bíi gbígba àyè nínú ọkọ̀ òfuurufú. Láti ọdún 2000 ni Linux pẹ̀lú ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ìyẹn Linux kan náà tí ó wà lórí sáfà x86, ṣùgbọ́n tí a tún pèsè fún àṣẹ z/Architecture. Red Hat, SUSE àti Ubuntu ni wọ́n ń tì í lẹ́yìn níbẹ̀. Lórí x86, Linux àti Windows Server ni ó pọ̀ jù.

Àtìlẹ́yìn túmọ̀ sí pé olùṣe ètò náà ṣì ń wá àṣìṣe inú rẹ̀, ó ń fi àtúnṣe ránṣẹ́, ó sì ń dáhùn nígbà tí ó bá dojú rú. Ó ní ọjọ́ tí ó ń parí. Ẹ̀rọ kò ní kú ní ọjọ́ náà, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń gbójú fò ó. Ohun tí ó yí padà ni pé ihò ààbò tí a bá rí lẹ́yìn ọjọ́ náà yóò wà ní ṣíṣí fún olè, kò sì sí ẹni tí yóò dí i. Lára àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀ ni wọ̀nyí:

z/OS: Ẹ̀yà tuntun a máa jáde ní ọdún méjì-méjì, a sì máa tì í lẹ́yìn fún ọdún 5. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tí ó kéré jù tí ó lè gbé e. z/OS 2.5 ń ṣiṣẹ́ lórí z13 àti èyí tí ó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n z/OS 3.1 tí ó jáde ní ọdún 2023 nílò z14 ó kéré tán.

Windows Server 2012: Àtìlẹ́yìn rẹ̀ parí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ àtúnṣe ààbò lẹ́yìn rẹ̀ ní láti sanwó ọ̀tọ̀.

Red Hat Enterprise Linux: Ọdún 10 ni àtìlẹ́yìn ẹ̀yà ńlá kọ̀ọ̀kan.

CentOS: Ó fara jọ Red Hat Enterprise Linux, ọ̀fẹ́ sì ni, èyí tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ káàkiri àgbáyé lò ó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni a kéde pé CentOS 8 yóò parí ní ìparí ọdún 2021, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó lò ó ti rò pé yóò dé ọdún 2029. CentOS 7 parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024.

Ní Nàìjíríà, owó àtìlẹ́yìn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nítorí pé dọ́là ni a fi ń san púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, iye náírà tí ilé-iṣẹ́ ní láti wá fún ìwé àṣẹ kan náà lọ sókè gidigidi, bí olùṣe rẹ̀ kò tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan kún un. Èyí jẹ́ ọ̀kan lára ìdí tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń yan Linux ọ̀fẹ́, tí wọ́n sì ń fi owó náà gba òṣìṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Ṣíṣí kúrò lórí ètò kan bọ́ sórí òmíràn kò rọrùn. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọ̀pọ̀ báńkì Nàìjíríà pààrọ̀ ètò àgbà tí wọ́n fi ń tọ́jú àkáǹtì. Sterling Bank bọ́ sórí SeaBaaS, GTBank sì bọ́ sórí Finacle. Ní àsìkò náà, àwọn oníbàárà ní àwọn báńkì kan ráhùn pé àwọn kò lè fi owó ránṣẹ́ tàbí kí àwọn wo iye tí ó wà nínú àkáǹtì àwọn. Ìfarabalẹ̀ pẹ̀lú ìgbékalẹ̀ àtijọ́, tí mainframe fi ṣe orísun agbára rẹ̀, ni ó ń dín irú ìṣípò báyìí kù.

Iná mànàmáná àti ìtutù

Ilé-iṣẹ́ Eko Disco ni ó ń pín iná ìjọba ní Lekki àti Ajah. Ẹ̀rọ agbáná-káàkiri ti orílẹ̀-èdè ti dákú ní ọ̀pọ̀ ìgbà, pàápàá ní ọdún 2024. Nítorí náà, a kì í kọ́ ibùdó dátà lórí ìrètí pé iná yóò wà. Bátìrì ni ó ń kọ́kọ́ gba ẹrù ní ìṣẹ́jú àáyá tí iná bá lọ, títí tí jẹnẹrétọ̀ yóò fi jí. Jẹnẹrétọ̀ náà ju ẹyọ kan lọ, a sì ń tọ́jú dísù tí yóò gbé e fún ọjọ́ mélòó kan sí àyíká ilé.

Gbogbo iná tí sáfà bá jẹ ni ó ń di ooru. Ní ìlú tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ bí Èkó, ẹ̀rọ amúlétutù gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, iná tí òun náà ń jẹ kò sì kéré. A sábà máa ń to ráàkì ní ìlà kí ojú wọn kọjú síra. Atẹ́gùn tútù ń gba àárín ojú wọn wọlé, èyí tí ó gbóná ń gba ẹ̀yìn jáde, a kì í sì jẹ́ kí méjèèjì dàpọ̀.

Àjọ Uptime Institute ti Amẹ́ríkà ni ó ṣe òdiwọ̀n tí a mọ̀ jù fún irú ilé yìí, láti Tier I dé Tier IV. Tier III, tí MDXi sọ pé òun fi kọ́ ilé Lekki, túmọ̀ sí pé a lè pa apá èyíkéyìí nínú iná tàbí ìtutù fún àtúnṣe láìpa sáfà. Iye tí a sábà máa ń kà mọ́ ọn ni ìdá 99.982 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìdádúró tí kò tó wákàtí méjì nínú ọdún kan.

Òfin tó ní í ṣe pẹ̀lú wọn

Òfin pẹ̀lú ti ṣèrànwọ́ láti fa sáfà wá sí Nàìjíríà. Ní ọdún 2011, ìlànà Báńkì Àpapọ̀ lórí ẹ̀rọ POS pàṣẹ pé ìdúnàádúrà káàdì tí ó bá bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí ní Nàìjíríà kò gbọdọ̀ gba òkè òkun kọjá. Ní ọdún 2013, àjọ NITDA gbé ìlànà jáde tí ó ní kí a máa tọ́jú dátà ìjọba sínú orílẹ̀-èdè. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà tẹ̀lé e ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ó sì fi ìlànà lélẹ̀ fún gbígbé dátà ara ẹni lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ìdádúró oṣù Kẹta ọdún 2024

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun tí ó kọjú sí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Nàìjíríà, Ghana, Côte d'Ivoire, Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ni ọ̀ràn náà kàn. Ní Èkó, àpù báńkì kò ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn tí ń fi káàdì rajà sì ní láti wá owó tí a ń fi ọwọ́ kà. MainOne sọ pé omi tí ó wà níbi tí okùn òun ti já jìn tó bíi kìlómítà 3, nítorí náà kì í ṣe ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja ni ó fà á. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tí ó mì. Okùn Equiano kò sí lára èyí tí ó já, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì yí ọ̀nà wọn gba ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí a ṣe fún iṣẹ́ náà ni ó lọ fa àwọn tí ó já sókè láti so wọ́n pọ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi ìyàtọ̀ hàn láàárín sáfà tí ó wà nílé àti èyí tí ó wà lókè òkun. Ìbéèrè tí ó bá kúrò ní Ajah lọ sí sáfà ní Lekki lè gba ibùdó pàṣípààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà, IXPN, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, láìfọwọ́ kan òkun. Ṣùgbọ́n kí sáfà wà nílé nìkan kò tó. Ètò kan lè wà ní Lekki, kí ó sì máa béèrè ìdánimọ̀ oníbàárà lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí ó wà ní Yúróòpù kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Bí ọ̀nà Yúróòpù bá dí, ilẹ̀kùn náà kò ní ṣí, bí dátà tilẹ̀ wà ní ìtòsí. Láti mọ̀ bóyá ètò kan lè dá dúró, a ní láti tọ gbogbo ohun tí ó ń béèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, dé ibi tí ìdáhùn rẹ̀ ti ń wá.

Okùn àti ọ̀nà etíkun ní Okun-Ajah

Ní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etíkun láti Èkó dé Calabar, tí gígùn rẹ̀ tó 700 kìlómítà. Nígbà tí iṣẹ́ ń súnmọ́ Okun-Ajah, Mínísítà fún Iṣẹ́, David Umahi, ṣàlàyé pé a yí ipa ọ̀nà náà padà ní agbègbè yẹn kí ó má baà ba okùn abẹ́ òkun tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀ jẹ́. Ó ní ipa tí ìjọba ti kéde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 2006 ni a padà sí. Àwọn ará àdúgbò àti àwọn tí ó ti ra ilẹ̀ síbẹ̀, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ń gbé ní òkè òkun, takò ó. Wọ́n ní ipa tuntun náà gba orí ilẹ̀ tí àwọn ní ìwé lé lórí, àti pé kì í ṣe ibẹ̀ ni a fi han àwọn ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ náà mú ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí wá sí gbangba. Okùn tí ó gbé ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè kò nípọn ju ọ̀pá omi kékeré lọ, abẹ́ iyanrìn sì ni ó ń gbà wọ inú ìlú láti etí òkun. Níbi tí ó bá ti gúnlẹ̀, a kò lè walẹ̀ tàbí gbẹ́ iyanrìn bó ṣe wuni mọ́. Ní Lekki àti Ajah, níbi tí ilẹ̀ wọ́n tí ilé sì ń pọ̀ sí i, okùn, ọ̀nà, ilé àti sáfà ni wọ́n jọ ń du etíkun kan náà.